Àwọn Ajá Ló Ni Bẹ́ẹ̀dì Ìsàlẹ̀: Láti Houston dé White Sands

Ọjọ́rú, Houston

Ọ̀la la ó gbéra lọ sí White Sands, ọgbà ìtura oníyanrìn funfun ní New Mexico. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ de síkúrù tó kẹ́yìn mọ́ ilẹ̀kùn àgò àwọn ajá ni, mo sì fẹ́ kọ bí inú ilé àfọkọ̀fà wa, ilé onítáyà tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣe rí sílẹ̀ kí eruku ìwọ̀-oòrùn Texas tó bò ó.

Ilé náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 26. Àwọn ìbejì ṣì wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí a rà á, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì alájà méjì lẹ́yìn la mú. Wọ́n ti lọ sí yunifásítì báyìí, wọn ò ráyè tiwa mọ́. Àwọn tó kù tó ń bá wa rìn ni Bíńgò àti Tanímọ̀la, àwọn ajá wa. Bíńgò ti pé ọmọ ọdún 11, ó wúwo tó pọ́n-ùn 70, oríkèé ìbàdí sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tanímọ̀la ṣì jẹ́ ọmọdé. Ohun tó bá kọjá lójú fèrèsé, ìbáà ṣe ewé, àfi kó gbó mọ́ ọn.

Àwọn ọlọ́jà ní oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ń tà fún ẹni tó bá ń gbé ajá rìnrìn-àjò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì wúlò lójú tèmi. Ẹni tó ń jókòó sórí àga ni àwọn tó ń kan ilé wọ̀nyí ní lọ́kàn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ajá ń gbé. Kí n tó ra ìṣó kan, mo dùbúlẹ̀ gbalaja sí àárín ilé náà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ìyá Ìbejì yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o? Ṣé kí n pe 911?”

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé mò ń wo ilé bí Bíńgò ṣe ń wò ó ni.

Láti ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì bá ń jò wà nítòsí ilẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà, torí propane, gáàsì inú ilé náà, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni Bíńgò fẹ́ràn láti fẹ̀yìn tì, bó bá sì ti fi ara dí i, ẹ̀rọ náà kò lè gbóòórùn nǹkan kan. Mo fi wáyà oníhò ṣe ọgbà kékeré yí i ká. Ihò tí ooru ń gbà jáde nígbà òtútù náà wà nílẹ̀, àlàfo rẹ̀ sì fẹ̀ débi tí èékánná ajá lè há sí i. Mo pààrọ̀ ìdérí rẹ̀ sí irin líle tí ojú rẹ̀ kéré. Ilẹ̀ ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ń dán. Tí Bíńgò bá fẹ́ dìde lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹní rọ́bà tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń gbé irin wúwo fún eré ìdárayá, ni mo gé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Kò lẹ́wà. Ìyá Ìbejì sọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ti di àgò. Mo yọ fóòmù rẹ̀, mo gé pákó iwájú kúrò kí Bíńgò má baà gbé ẹsẹ̀ sókè púpọ̀ kó tó wọlé, mo sì lẹ ike funfun tí wọ́n ń lò fún ògiri ilé ìwẹ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀, torí pé ìwé tí wọ́n fi bo ògiri àwọn ilé wọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀kan péré tí ajá bá fi èékánná họ ọ́ ni yóò ya. Ìyá Ìbejì rán tìmùtìmù wọn fúnra rẹ̀. Àwọn àǹkárá aṣọ ẹbí tí a ti rà fún òde lóríṣiríṣi, tí kò sẹ́ni tó tún máa wọ̀ wọ́n láéláé, ló gé sí i. Kò sí aṣọ tó dára tó o: irun kì í wọ inú rẹ̀ bó ṣe ń wọ aṣọ onírun, ó ń yára gbẹ, èèyàn kan gbọ̀n ọ́n nù ni.

Tábìlì ìjẹun la yọ kúrò pátápátá, pẹ̀lú àga kan nínú méjèèjì. Àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín ilé báyìí pọ̀ débi tí ajá méjì lè nà tantan kí a má sì tẹ ìrù ẹnikẹ́ni lóru.

Ọjọ́bọ̀, Junction

A kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì kọjá San Antonio kí oòrùn tó mú. Inú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, lọ́dọ̀ wa, ni àwọn ajá ń wà lórí ìrìn, pẹ̀lú bẹ́líìtì àyà wọn. Ẹnìkan bi mí nílé epo pé kí ló dé tí a kò kúkú fi wọ́n sínú àgò tí a ṣe fún wọn. Ilé tí a ń fà kò ní ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìrìn, ilẹ̀kùn kọ́ńbọ́ọ̀dù máa ń ṣí, ìkòkò máa ń fò, a ò sì ní gbọ́ wọn tí wọ́n bá ń sunkún. Mo ti rí inú ilé náà lẹ́yìn ọ̀nà tó ní gegele. N kò ní fi ohun ẹlẹ́mìí síbẹ̀.

Ẹrù ajá wúwo ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Oúnjẹ wọn nìkan jẹ́ pọ́n-ùn 80, ibi tó sì wù wá láti kó o sí ni abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn lẹ́yìn. Ẹ má ṣe é. Ó yẹ kí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ilé náà wà lórí ìkọ́ tó so ó mọ́ ọkọ̀. Tiwa tó pọ́n-ùn 6,000, èyí ni pé 600 sí 900 ló yẹ kó wà níwájú. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn táyà, ìkọ́ á fúyẹ́, ilé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí tírélà ńlá bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Inú àpótí iwájú ni oúnjẹ wọn wà, bàbá.

South Llano River State Park la sùn sí. Omi odò náà mọ́ gaara, Tanímọ̀la sì kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Pákó ìgòkè tí mo kàn fún Bíńgò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó wò ó, ó wò mí, ó jókòó. Ìyá Ìbejì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì oníkoríko sórí rẹ̀, ó gbé ègé adìyẹ kan sókè, Bíńgò sì gùn ún wọlé láìwo ẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn irin tó bá ilé wá jẹ́ èyí tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ gba inú ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá kì í fẹ́ gùn ún, wọ́n sì jàre.

Ọjọ́ Ẹtì, létí Fort Stockton

Máìlì 80 ní wákàtí kan ni òfin gbà lórí òpópónà I-10 níbí. Táyà ilé wa kò gbà á, 62 là ń sá. Gbogbo ayé ń kọjá lára wa.

Ibùdó aládàáni kan la dé ní ọ̀sán, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ooru 91 Fárẹ́náìtì. A so iná, ẹ̀rọ amúlétutù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú ilé balẹ̀ sí 74, àwọn ajá sùn. Èmi àti Ìyá Ìbejì lọ fọ aṣọ ní òdìkejì ibùdó náà. Kò pẹ́ tí fóònù mi ké: iná ti lọ, inú ilé ti di 79.

Ohun èlò kékeré kan la gbé kọ́ inú àgò, ó ní síìmù tirẹ̀, kò gbára lé Wi-Fi ibùdó. Bí iná bá lọ tàbí tí ooru bá kọjá ibi tí a yàn, ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó fowó rà fún ajá nínú irú ilé yìí, òun ni. Ní ọjọ́ tí ìta kò ju 70 lọ, inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè kọjá 100 láàárín wákàtí kan. Ilé wa nípọn ju ọkọ̀ lọ, kì í yára gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló ń lọ.

A sáré débẹ̀. Fáànù òrùlé ti ṣí fúnra rẹ̀, ó ń fa ooru jáde, ojú fèrèsé àgò tí a ṣí díẹ̀ sì ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Fáànù yẹn kò nílò iná ìta rárá: bátìrì ló ń lò, bí ampere mẹ́ta péré, èyí tí bátìrì wa lè gbé fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ amúlétutù ni bátìrì kò lè gbé. Bátìrì lithium ampere-wákàtí 100 kò ní tó wákàtí kan lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba àwọn tó ń sọ pé sólà kan lórí òrùlé ti yanjú ọ̀rọ̀ ajá. Kò yanjú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn nínú ibùdó ń lo amúlétutù lẹ́ẹ̀kan náà, agbára iná sì lọ sílẹ̀ ju volt 104 lọ. Ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo ilé wa já iná náà kó má baà jó mọ́tò amúlétutù. Ẹni tó bá dàgbà nílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Ìyá Ìbejì kàn wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, “Half current ni o.” Mo bẹ ẹni tó ń bójú tó ibùdó, ó sún wa sí òpó iná mìíràn, volt 117, a sì sinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fort Davis

Ibi yìí ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5,000, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. Lóru, òtútù mú kí ẹ̀rọ amúlégbóná tan fúnra rẹ̀, eruku àti irun ajá tó ti kó sínú rẹ̀ sì kọ́kọ́ rùn díẹ̀. Ẹni tó bá ní ajá onírun gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rọ fa ojú ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún amúlétutù lókè náà, mo ti fọ̀ ọ́ nù láàárọ̀, ohun tó jáde lára rẹ̀ tó rán ajá kẹta.

Ẹ̀gún lọ̀rọ̀ tòní. Ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas ní ẹ̀gún kékeré kan tí wọ́n ń pè ní goathead, bó o ṣe gbé e kalẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kan á dojú kọ òkè. Tanímọ̀la gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kò rìn mọ́. Ìyá Ìbejì fi ẹ̀mú yọ mẹ́rin láàárín ọmọ ìka rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ńlá síta níwájú ẹnu ọ̀nà, a sì ń fi ọ̀pá omi tó wà lára ògiri ìta fọ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó gun pákó. Ìwẹ̀ ìta yẹn, àwọn tó ń ra ilé máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Èmi lè fi ìwẹ̀ inú sílẹ̀ kí n tó fi tìta sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, Fort Davis

A kò lè fi àwọn ajá sílẹ̀ láwọn nìkan nínú ọgbà ìtura ìpínlẹ̀ Texas, òfin wọn nìyẹn, nítorí náà bí a bá fẹ́ rí nǹkan, ẹnìkan á wọlé, ẹnìkan á dúró. Ní ilé olódi àtijọ́ tó wà nílùú náà, Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ wọlé lọ wo ibi tí àwọn ọmọ ogun dúdú gbé láti 1867 sí 1885. Nígbà tó jáde, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn gba okùn ajá lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́jọ́ Henry Flipper ní 1881, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó jáde ní West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Ọdún 1999 ni ààrẹ tó dárí jì í, ó ti kú tipẹ́. Ìyá Ìbejì ní, “Ẹ wọlé lọ kà á fúnra yín, Bàbá Ìbejì, mi ò lè rò ó.”

Ọjọ́ Ajé, Guadalupe Mountains

Ẹ̀fúùfù! Láti Van Horn ló ti ń tì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibùdó Pine Springs kò ní iná, kò ní omi tí a lè so mọ́ ilé. Ojú ọ̀dà ni wọ́n ń gbé ilé àfọkọ̀fà sí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, torí ìta tutù, fáànù nìkan tó.

Lóru ni mo kọ́ nǹkan tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Ilé náà ń mì, àmọ́ kì í mì bákan náà níbi gbogbo. Orí táyà ló dúró jù. Ẹ̀yìn, níbi tí àgò wà, ń lọ sókè sódò. Tanímọ̀la jáde, ó ń gbọ̀n, ó fẹ́ wọ abẹ́ aṣọ wa. A kó àǹkárá wọn wá sí àárín, níbi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀, gẹ́lẹ́ lórí táyà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ń hanrun. Bíńgò kò tilẹ̀ jí títí a fi gbé e. Láti òní lọ, ibi méjì ni wọ́n ní: ẹ̀yìn fún ọjọ́ tó rọ̀, àárín fún ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alamogordo

Ọ̀nà kúkúrú kan péré tó lọ sí ibi àwókù ilé ìdúró kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin Butterfield tó ń gbé lẹ́tà, ti 1858, àti èyí tó so ibùdó mọ́ ọ́fíìsì, ni ajá lè rìn ní Guadalupe. Òkè tó ga jù ní Texas, ẹsẹ̀ bàtà 8,751, wà lórí wa níbẹ̀, a kàn wò ó ni. Bíńgò kò bá ti lè gùn ún náà.

A gba El Paso kọjá. Oliver Lee Memorial State Park la dé sí, lẹ́nu àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Dog Canyon. Ìyá Ìbejì ya fọ́tò àwọn méjèèjì lábẹ́ àkọlé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì. Iná wà, omi wà. Mo lẹ rọ́bà tó ń pa gíláàsì lójú mọ́ ìdajì ìsàlẹ̀ àwọn fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa wọlé kí Tanímọ̀la má sì rí ẹni tó ń kọjá. Ariwo dín kù lójú ẹsẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́rú, White Sands

Kí a tó jáde, a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà ṣí, nítorí pé wọ́n máa ń tì í nígbà tí ológun bá ń dán ohun ìjà wò nítòsí. Ó ṣí.

Ọ̀pọ̀ ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè ni kì í jẹ́ kí ajá kọjá ibi tí mọ́tò dé. Níbí, wọ́n lè bá ọ gun òkìtì iyanrìn, bí okùn wọn kò bá ti gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, tí o sì ń kó ìgbẹ́ wọn. Gypsum, irú òkúta rírọ̀ kan, ni iyanrìn náà, funfun báláú, máìlì 275 níbùú lóròó, kì í sì í gba ooru bí iyanrìn etí òkun. Mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án gangan, ó tutù. Bíńgò, tí kì í rìn kọjá ìdajì wákàtí, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkìtì kan, ó yíra, ó tún fẹ́ padà gòkè. Ilẹ̀ tó rọ̀ náà kò dun oríkèé rẹ̀. Omi ni kò sí lójú ọ̀nà inú ibẹ̀, gálọ̀nù mẹ́ta la gbé, a sì mu ún tán.

Ní 2021 làwọn onímọ̀ kéde pé ipasẹ̀ èèyàn tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ ọgbà yìí ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún 21 sí 23. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìbejì bó ṣe ń gbọn iyanrìn kúrò ní etí Tanímọ̀la. Ó ní ti òní nìkan ni kí n kọ́kọ́ gbá kúrò nínú ilé.

Iyanrìn yẹn wọ gbogbo ibi. Abẹ́ ẹní rọ́bà, inú àwo omi, inú ihò ooru. Àǹkárá la gbọ̀n, ó bọ́. Rọ́bà la gbé síta, a bu omi sí i, ó mọ́. Bí ilé náà bá ní kápẹ́ẹ̀tì bí àwọn àtijọ́, a ò bá ṣì máa gbá a títí di Kérésì.

Ọjọ́bọ̀, Van Horn, ọ̀nà ilé

Èmi àti Ìyá Ìbejì ti ń jiyàn láti El Paso. Mo fẹ́ la ilẹ̀kùn kékeré sí ara ògiri lẹ́yìn, kí àwọn ajá lè máa jáde tààrà láti inú àgò wọn láìgba àárín ilé kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rọ̀fọ̀. Ó ní rárá. Ó ní ihò tuntun lára ilé tó ń rìn nínú òjò Houston, omi ló máa gbà wọlé, pé pákó ògiri náà á jẹrà kí a tó mọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ra epo, ó ti borí. Omi ló ń ba ilé wọ̀nyí jẹ́ ju ohunkóhun lọ, ajá kò débẹ̀ rárá.

Fáànù òrùlé kejì la ó fi rọ́pò èrò náà. Kò nílò kí a la nǹkan kan tuntun: ojú ihò ínǹṣì 14 lọ́nà méjèèjì ti wà lókè ilé ìwẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ó sì súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ti wọn wáyà rẹ̀ ní ìbùdókọ̀ yìí, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá dé ibi fíúsì.